Òwò Tí Kì Í Fi Ọgbọ́n Pamọ́

    

Ìwé ìpè tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ sí mi ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òwò, aṣáájú àti àyípadà rere láwùjọ. Orí ọ̀rọ̀ yìí fẹ̀. Bí a bá gbọ́ irú rẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni olówó tí ó gbẹ́ kànga fún àdúgbò, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Omi dára, Ọlọ́run yóò san án fún ẹni tó gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n kànga yẹn, inú ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn èrè ló ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni òwò tí ó ń tún ìlú ṣe láti ìdí òwò náà gan-an, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí a bá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èrò mi kò ju ẹyọ kan lọ: oníṣòwò tó ń yí ìlú padà sí rere ni ẹni tí ó ń fi ọgbọ́n òwò rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, tí kò sì bẹ̀rù pé ẹni náà lè di ẹgbẹ́ òun lọ́jà.

Ìdí ìkòkò aró

Òṣogbo ni a wà, Ìlú Aró. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nídìí rẹ̀ mọ̀ pé aró kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. A ó já ewé èlú, a ó gún un, a ó ṣù ú, a ó sá a títí yóò fi gbẹ. A ó sun igi, a ó fi omi sẹ́ eérú rẹ̀ nínú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí. Omi eérú yẹn ni a ó fi rẹ èlú fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi kẹ̀. Ìgbà tó kẹ̀ tó, ìyá aláró ló mọ̀. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Aṣọ tí a fi ìko dì, èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán, èyí tí a fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ náà sì máa ń lọ láti ìyá sí ọmọ, tàbí láti ìyá ọkọ sí ìyàwó. Ẹni tí a kò bí sí ilé aláró, tí kò sì fẹ́ ọkọ síbẹ̀, ẹ̀yìn òde ló wà.

Àwọn àgbà lè sọ pé ìpamọ́ yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà pẹ́. Òótọ́ ni, fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ títẹ̀ láti òkè òkun kún ọjà, tí àwọn ọmọ ìyá aláró sì ti wọ ilé-ìwé, tí wọn kò fẹ́ kí aró kun ọwọ́ àwọn mọ́, ọgbọ́n tó wà nínú ilé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá ilé náà lọ sí sàréè. Ilé mélòó ní ìlú yìí ló ti ní ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé, tí ó jẹ́ pé koríko ló hù sí ibẹ̀ báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ibẹ̀ mọ iye rẹ̀ jù mí lọ.

Inú ìlú tí ọ̀rọ̀ rí báyìí ni Olóyè Níkẹ̀ Davies-Okundaye bá iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Ògìdì ilẹ̀ Ìjùmú, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá-ńlá ilé tó jẹ́ ahunṣọ ló tọ́ ọ, ìdí òfì ló sì dàgbà sí. Kò rí ilé-ìwé gíga lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò wù ú, ó sá kúrò nílé, ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèré tó ń lọ káàkiri. Ó dé Òṣogbo lẹ́yìn tí Mbari Mbayo, tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1962, ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú yìí di ayàwòrán. Ó di ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Twins Seven-Seven, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Nínú ilé olórogún púpọ̀ yẹn ló ti ń pa aṣọ láró, tó ń kun báátìkì, tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ní 1974 wọ́n mú un mọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Haystack ní ìpínlẹ̀ Maine, láàárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè kọ́ ohun tí ìyá-ńlá rẹ̀ kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 1983 ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà àti àṣà sílẹ̀ ní ìlú yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ kó wá. Kò gba owó ìkọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí pé ẹnu lè yára sọ ọ́ kọjá. Gbogbo wa la mọ bí ìkọ́ṣẹ́ ti rí nílẹ̀ wa. Òbí ọmọ yóò gbé owó wá, yóò gbé ọtí àti mínírà wá, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ọmọ yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò pọnmi sílé ọ̀gá, yóò sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà tó bá tó àkókò fíríìdọ̀mù, owó mìíràn tún ni. N kò sọ pé ètò yìí burú. Òun ló kọ́ àwọn bàbá wa níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní bàbá tó lè san owó yẹn ńkọ́? À ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, a sì ti ta oògùn náà ní iye tí apá rẹ̀ kò ká. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ibùdó yẹn ṣí sílẹ̀ fún: ọmọ tí kò rí ilé-ìwé lọ, obìnrin tí ọkọ já jù sílẹ̀, ọ̀dọ́ tó ń rìn gbéregbère ní ìgboro. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti ilẹ̀ yìí àti láti òkè òkun pẹ̀lú wá ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń jókòó ti ìkòkò kan náà pẹ̀lú ọmọ tí kò mọ ìwé.

Ta ló wá ń san owó rẹ̀? Ọjà ni. Aṣọ àti àwòrán tí Màmá Níkẹ̀ ń tà, èrè wọn ló ń bọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò fetí sí mi. Ẹni tó ń retí kí àjọ kan láti òkè òkun fi owó ránṣẹ́ kó tó kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọjọ́ tí àjọ náà bá yí ọkàn padà ni iṣẹ́ dúró. Àmọ́ bí òwò fúnra rẹ̀ bá gbé ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀kọ́ yóò máa lọ níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá ń tà. Láti Òṣogbo, ó dá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ògìdì ìlú rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hunṣọ, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Àbújá. Ní 2009 ó ṣí ilé àwòrán ńlá Lẹ́kí ní Èkó, ilé alájà púpọ̀ tí iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000. Ẹni tó bá wọlé kì í sanwó ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí kò tíì lórúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn àgbà ọ̀jẹ̀, ẹni tó bá wá ra ti àgbà yóò sì rí ti ọmọdé.

Ní ọdún 2000, ìjọba Ítálì pè é kó wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ti kó sínú òwò aṣẹ́wó ní ọ̀hún ní iṣẹ́ ọwọ́. Ó lọ. Ní 2006 ìjọba náà fi oyè dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ yẹn. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá ronú sí ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ìtàn rere. Ọmọ tí ó gba aṣálẹ̀ kọjá, tí ó gba orí òkun kọjá, iṣẹ́ tí ì bá kọ́ nílé ni obìnrin ará ilé rẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kọ́ ọ ní ilẹ̀ òyìnbó. Bí ó bá jẹ́ pé ibùdó bíi mẹ́wàá irú èyí ti wà ní Ẹdó, ní Ọ̀yọ́, ní Ọ̀ṣun, láti ogójì ọdún sẹ́yìn, mélòó nínú wọn ni ì bá lọ?

Mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín. Bí mo bá kọ́ gbogbo ayé níṣẹ́ mi, tí mi ò gba kọ́bọ̀, ṣé wọn ò ní gba oníbàárà mi? Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí a fi ìwàásù dá a lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́jà. Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta? Nítorí pé ìsọ̀ pọ̀ níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ni. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ mọ̀ pé òun ò ní padà lọ́wọ́ òfo. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ kan péré ni, bó ti wù kí aṣọ ibẹ̀ dára tó, ọ̀nà náà yóò jìn lójú oníbàárà. Nígbà tí àdìrẹ ń kú lọ, aláró kan ṣoṣo kò lè jí i. Ó gba kí ọ̀pọ̀ ọwọ́ máa ṣe é, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wọ̀ ọ́, kí ilé iṣẹ́ máa fi rán aṣọ, kí ọ̀dọ́ máa fi gbéyàwó. Àwọn baba wa sọ pé bí olówó kan bá wà láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì ti di méje. Oníṣòwò ló yẹ kó kọ́kọ́ gba òwe yìí gbọ́, torí pé òtòṣì kì í ra ọjà.

Ohun tí àwọn ará Ẹ̀gbá mọ̀

Mo ti sọ nípa òwò tó, ó ku aṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a bá aró lọ sí Abẹ́òkúta.

Láàárín 1920 sí 1930, àdìrẹ Abẹ́òkúta ń lọ jìnnà. Àwọn oníṣòwò láti Gold Coast tó di Gánà, àti láti ìhà Sẹ̀nẹ̀gà, ń wá rà á. Bí owó ayé ti wá há lẹ́yìn náà, ọjà dẹnu kọlẹ̀. Àwọn aláró ti ń lo sódà àti aró òyìnbó tó yá ju ewé èlú lọ, àwọn kan sì ń sọ pé àwọn nǹkan tuntun yìí ló ń ba aṣọ jẹ́ tó sì ń lé oníbàárà. Ní 1933 Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó náà. Àwọn obìnrin aláró kò fara mọ́ ọn. Ní 1936 wọ́n gbé ẹjọ́ wọn kọjá ààfin, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ láti gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ wo àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, tí wọ́n jókòó síwájú ìgbìmọ̀, tí wọ́n ń ṣàlàyé bí a ti ń pa aró, iye tí wọ́n ń ra aṣọ, iye tí wọ́n ń tà á. Ìmọ̀ iṣẹ́ wọn ni agbára wọn.

Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà tún dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà ogun Hitler, àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Owó orí tún wà lọ́rùn obìnrin. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, olùkọ́, ti ní ẹgbẹ́ kan fún àwọn obìnrin tó kàwé. Àwọn ọlọ́jà wọ inú ẹgbẹ́ náà, wọ́n fẹ́ kọ́ ìwé, ó sì kọ́ wọn. Àwọn náà kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyáàfin náà bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró bíi tiwọn, ó ń bá wọn sọ Yorùbá níbi ìpàdé. Mo ka èyí sí ohun tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó fi ìwé lé wọn lọ́wọ́, kò fi ìwé jọba lórí wọn. Àwọn ọlọ́jà ló kún ojú títì ní 1947 àti 1948, tí wọ́n ń tako owó orí náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan; Òṣogbo wa níbí ló jókòó sí, kí ó tó padà sílé ní òpin ọdún 1950. Wọ́n gbé owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Kábíyèsí, ọba wa, mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ọba tó ń gbọ́ ohùn ọjà ni ìlú rẹ̀ ń tòrò.

Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, Alhaja Humuani Alaga, oníṣòwò aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ kò rí ilé-ìwé lọ, kó àwọn obìnrin mùsùlùmí bíi tirẹ̀ jọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958, wọ́n sì dá ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1964. Ilé-ìwé náà wà títí dòní.

Ẹ̀gbẹ́ kejì owó

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ìtàn mi kò pé. A kì í sọ̀rọ̀ obìnrin oníṣòwò tó tún jẹ́ aṣáájú nílẹ̀ Yorùbá kí a má dárúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú. Nígbà tí Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta ní 1864, ó wà lára àwọn tó pèsè ohun ìjà, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Gbàgede Tinúbú wà l'Èkó títí dòní. Síbẹ̀, ẹrú wà lára ọjà tí ó fi kó ọrọ̀ jọ. Àwọn ọmọ ènìyàn ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní apá méjèèjì ìtàn náà, torí pé ẹnìkan lè jẹ́ ọlọ́rọ̀, kó jẹ́ akọni, kí ìlú rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ kí òwò rẹ̀ máa sọ ìlú ẹlòmíì di ahoro. Nítorí náà, kí a tó yin oníṣòwò kan, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kéré jù lọ nídìí òwò náà: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, alágbàṣe, obìnrin tó ń ta ewé, ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò tí omi ìfọṣọ wa ń ṣàn lọ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Mo ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé ilẹ̀ yìí ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló gbé e dìde nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń kó kòkó wọn jọ, wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ti ń sé e kó kẹ̀ dáadáa kí a tó sá a, kí iye rẹ̀ lè gòkè lọ́wọ́ oníbàárà. Láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni báńkì alájẹṣẹ́kù ti jáde ní Ìbàdàn ní 1953. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó yíyá nìkan kọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ti di ibi tí a ti ń yá owó ra mọ́tò àti aṣọ ẹbí, tí a ń pín èrè ní ìparí ọdún, tí a sì ń túká.

Bí ẹ bá gbà mí láàyè, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ya apá kan sọ́tọ̀ lára èrè ọdọọdún, láti san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Mo tún un sọ: ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tó bá ṣe fíríìdọ̀mù, kí ẹ yá a ní ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí owó ìkòkò àti aṣọ funfun, kó máa san án díẹ̀díẹ̀, láìsí èlé tó lè pa á. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Kí àwọn obìnrin tó ń dá owó jù nínú ẹgbẹ́ sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ẹni tí a ó yá lówó.

Ẹ̀yin aláró, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà, tí wọ́n ya bátànì Ìbàdàndùn sí lára, ti kún ọjà wa. Ó pọ́ọ́kú, kò ní parẹ́ nítorí pé à ń bínú sí i. Ohun tí a lè ṣe ni kí a má purọ́ fún oníbàárà. Kí ẹni tó ń ta èyí tí ẹ̀rọ ṣe sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń ta èyí tí ọwọ́ ṣe lè fi ẹ̀yìn aṣọ hàn án, kó sọ ọjọ́ mélòó ló gbà. Ọ̀rọ̀ sódà náà tún wà nílẹ̀. Ó ń jó àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò wọ́n ju ohun tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan lè rà lọ. Omi tó bá kù nínú ìkòkò, kò yẹ kí a dà á sínú gọ́tà tó ń lọ sí odò Ọ̀ṣun. Kí ẹgbẹ́ yín gbẹ́ kòtò kan fún un ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe èyí láàárín ọdún tó ń bọ̀, n ó padà wá wò ó, pẹ̀lú ìdùnnú.